Mo fọwọ́ ara mi kọ́ tsquery sínú mẹ́mọ̀rì PostgreSQL: ó ń hàn dáadáa, ṣùgbọ́n @@ kò gbà á

akóòdù_alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ibí.

Fọ́ńṣọ̀n C kan ni mò ń kọ fún PostgreSQL 16. Ó máa gba text[], á sì dá tsquery padà, ìyẹn irú dátà tí ìbéèrè ìwárí ọ̀rọ̀ ń gbé. Mi ò fẹ́ so àwọn ọ̀rọ̀ náà pọ̀ di gbólóhùn kí n tó gbé e fún to_tsquery, torí pé bí `'` tàbí `:` tàbí `\` bá fi lè wà nínú ọ̀rọ̀ kan, parser á ṣì í kà. Kí èmi máa fi àmì bo àmì, kí parser sì tún máa ṣí i, iṣẹ́ àṣetúnṣe ni. Àwọn ọ̀rọ̀ náà ti wà lọ́wọ́ mi ní mímọ́, igi ìbéèrè yẹn gan-an ni mo fẹ́ kọ́ tààrà.

Mo ka `src/include/tsearch/ts_type.h`, mo sì fi ọ̀rọ̀ méjì dán an wò:

```c
TSQuery    q = (TSQuery) palloc0(COMPUTESIZE(3, 8));
QueryItem *it;

SET_VARSIZE(q, COMPUTESIZE(3, 8));
q->size = 3;
it = GETQUERY(q);

it[0].type = QI_OPR;
it[0].qoperator.oper = OP_AND;

it[1].type = QI_VAL;
it[1].qoperand.length = 3;
it[1].qoperand.distance = 0;

it[2].type = QI_VAL;
it[2].qoperand.length = 3;
it[2].qoperand.distance = 4;

memcpy(GETOPERAND(q), "omi\0ile", 8);
PG_RETURN_TSQUERY(q);
```

Bí mo bá ṣe `SELECT idanwo()`, ó ń tẹ `'ile' & 'omi'` jáde láìsí àbùkù kankan. Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí, níbi tí `@@` ti ń wò ó bóyá tsvector (àkójọ ọ̀rọ̀ inú ìwé kan) bá tsquery mu:

```
SELECT to_tsvector('simple', 'omi wo ile') @@ idanwo();
ERROR:  stack depth limit exceeded
```

Ọ̀rọ̀ méjì péré ni o! Mo ti gbé max_stack_depth kúrò ní 2MB lọ sí 7MB, àṣìṣe kan náà ni. Níbo ni mo ti ṣì í?

---

Baba_Palloc

Dá max_stack_depth padà sí 2MB, kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ló sọnù nínú kóòdù rẹ:

```c
it[0].qoperator.left = 2;
```

Nínú tsquery, àmì ìsopọ̀ ló máa ń ṣáájú, àwọn ọmọ rẹ̀ á tẹ̀ lé e. Ọmọ ọ̀tún ló ń jókòó tì í gbágbáágbá, ní `item + 1`. Ọmọ òsì wà níwájú, ní `item + left`. Bí left bá jẹ́ 0, `&` náà ti di ọmọ òsì ara rẹ̀ nìyẹn. TS_execute á lọ wo ọmọ òsì, á bá `&` níbẹ̀, á tún lọ wo ọmọ òsì, á tún bá `&`, títí check_stack_depth á fi dá a dúró. Bí o tilẹ̀ fún un ní stack tó tóbi ju gbogbo mẹ́mọ̀rì rẹ lọ, á jẹ ẹ́ tán.

Palloc0 tó o lò, tó ń sọ gbogbo báìtì di òdo, ló kó ẹ yọ. Ká ní palloc lásán ni, ìdọ̀tí yòówù tó bá wà níbẹ̀ ni left ì bá jẹ́, backend, ìyẹn process tó ń dá ẹ lóhùn, ì bá fò lọ sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀, yóò kú. Bí backend kan bá sì kú báyẹn, postmaster tó jẹ́ ọ̀gá wọn á já gbogbo àwọn yòókù tó wà lórí sáfà náà pẹ̀lú. Ìdí mìíràn tún wà fún palloc0: báìtì àlàfo wà láàárín àwọn pápá struct wọ̀nyí, planner sì máa ń fi báìtì kan wé báìtì kejì láti mọ̀ bóyá constant méjì jẹ́ ọ̀kan náà. Bí ìdọ̀tí bá wà nínú àlàfo, ìbejì á di àjèjì sí ara wọn.

Ìdí tó fi ń hàn dáadáa ni pé tsqueryout kì í wo left rárá. Ó kàn ń ka item kan tẹ̀ lé òmíràn ni, lẹ́sẹẹsẹ, á kọ ọ̀tún, á kọ òsì. Nítorí náà má fi ohun tí SELECT tẹ̀ jáde ṣe ẹ̀rí pé inú tsquery rẹ pé.

Bí tìrẹ yẹn ṣe tò sínú mẹ́mọ̀rì nìyí, báìtì 52 lápapọ̀:

```
 0–3    gígùn gbogbo rẹ̀ (SET_VARSIZE ló ń kọ ọ́)
 4–7    size = 3
 8–19   it[0]   &      left = 2
20–31   it[1]   omi    length = 3, distance = 0
32–43   it[2]   ile    length = 3, distance = 4
44–47   o m i \0
48–51   i l e \0
```

`pg_column_size('ile & omi'::tsquery)` náà á sọ 52 fún ẹ. QueryItem kọ̀ọ̀kan jẹ́ báìtì 12, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ àmì, torí pé union ni. Ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń ṣìṣe ni pé iye item ni a fi ń ka left, kì í ṣe báìtì: 2 ni, kì í ṣe 24. Distance ní tirẹ̀, báìtì ni, a sì ń kà á láti ibi tí GETOPERAND bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe láti orí q. Àti pé distance ti inú ọ̀rọ̀ yàtọ̀ pátápátá sí distance ti inú `<->`. Orúkọ ló pa wọ́n pọ̀, wọn kì í ṣe ẹbí. Ti `<->` jẹ́ iye ààyè tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì, kò sì gbọdọ̀ kọjá 16384.

`!` ọmọ kan ṣoṣo ló ní, ní `item + 1`.

---

akóòdù_alẹ́

Ẹ ṣeun gan-an, Baba. Mo fi left sí i, `@@` ti ń dá t padà.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn mìíràn yọjú. Mo ní tábìlì méjì tí àkóónú wọn dọ́gba, ọ̀kan ní atọ́ka GIN lórí tsvector rẹ̀, èkejì ní GiST. Mo pa enable_seqscan (kíka tábìlì láti ìlà dé ìlà) kí atọ́ka lè ṣiṣẹ́. Lórí GIN, àwọn ìlà tó yẹ ń jáde. Lórí GiST, òfo. Bí mo bá sì kọ `'ile & omi'::tsquery` dípò fọ́ńṣọ̀n mi, GiST ń rí wọn. Ṣé atọ́ka náà ló bàjẹ́ ni? Mo ti ṣe REINDEX lẹ́ẹ̀mejì.

---

Ìyá_GIN

Atọ́ka rẹ kò ṣe nǹkan kan. `valcrc` lo kò kọ.

Inú QueryOperand, yàtọ̀ sí length àti distance, pápá kan wà tó ń jẹ́ valcrc, ìyẹn CRC ọ̀rọ̀ náà, nọ́ńbà tí a ṣírò látinú báìtì rẹ̀. GIN kì í wò ó, ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ni GIN ń gbé lọ wá nínú atọ́ka. Seqscan náà kì í wò ó, ọ̀rọ̀ ló fi ń wé ọ̀rọ̀. GiST ní tirẹ̀ kì í tọ́jú ọ̀rọ̀ rárá. CRC ló ń tọ́jú: bí tsvector ìlà kan bá kéré, á kó àwọn CRC rẹ̀ jọ sínú ewé atọ́ka, bó bá pọ̀ jù, á sọ wọ́n di bít nínú àmì báìtì 124 (iye yìí ṣe é yí padà láti PostgreSQL 13, pẹ̀lú siglen). CRC tìrẹ jẹ́ 0. GiST wá 0 láàárín àwọn CRC tó kó jọ, kò rí i, ó ní kò sí. Recheck kò sì lè gbà ẹ́ níbí. Ìlà tí kò yẹ ni recheck ń yọ dànù, èyí tí atọ́ka kò mú wá, kò lè mọ̀ pé ó wà.

Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí:

```c
#include "utils/pg_crc.h"

pg_crc32 crc;

INIT_LEGACY_CRC32(crc);
COMP_LEGACY_CRC32(crc, oro, gigun);
FIN_LEGACY_CRC32(crc);
it[1].qoperand.valcrc = (int32) crc;
```

LEGACY ni kó o lò o! Kì í ṣe COMP_CRC32C, kì í ṣe TRADITIONAL. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń kọjá lọ́wọ́ kọ̀ǹpáílà láìsí ìkìlọ̀, èyí tí tsvector lò nínú GiST nìkan ló sì bá a mu. Má fi \0 ìparí kún ìṣirò náà, báìtì ọ̀rọ̀ nìkan ni.

Báìtì ni mo sọ, mi ò sọ lẹ́tà. Ọ̀rọ̀ tí à ń kọ báyìí, "ọ̀rọ̀", lẹ́tà mẹ́ta ni lójú wa, ṣùgbọ́n nínú UTF-8 báìtì 11 ni. Ẹni tó bá fi 3 sí length á gé e láàárín `ọ` àkọ́kọ́ àti àmì ohùn rẹ̀. Ohun tó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé ọ̀nà méjì ló wà láti kọ ọ́: `ọ` tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ lára, tàbí `o` tí àmì ìsàlẹ̀ dá dúró lẹ́yìn rẹ̀. Báìtì 11 náà ni méjèèjì, ojú kan náà ni wọ́n ní, ṣùgbọ́n báìtì inú wọn yàtọ̀, CRC wọn yàtọ̀, `@@` kò ní gbà pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Fi `normalize(x, NFC)` fọ ọ̀rọ̀ kó tó wọ tsvector, kó o sì fọ ọ̀rọ̀ ìbéèrè bákan náà. Ó ti wà láti PostgreSQL 13.

Òmíràn tí mo rò pé á kàn ẹ́ láìpẹ́: ìwọ lò ń fi ọwọ́ ara rẹ gbé ọ̀rọ̀ sínú ìbéèrè, ìtumọ̀ ìyẹn ni pé kò gba ọ̀dọ̀ dictionary kankan kọjá. Bí tsvector rẹ bá jẹ́ 'english', "running" ti di "run" níbẹ̀, "the" kò sì sí níbẹ̀ rárá. "running" tó o bá gbé wọlé báyẹn kò ní bá nǹkan kan pàdé, "the" pẹ̀lú `&` á sì pa gbogbo ìbéèrè náà. Pe `parsetext()` ní C, tàbí kó o lo `ts_lexize` kó o tó pe fọ́ńṣọ̀n rẹ. Bó bá jẹ́ 'simple' ni, lẹ́tà ńlá nìkan ni wàhálà rẹ.

---

atúmọ̀_báìtì

Gbogbo ohun tí Baba àti Ìyá sọ ló tọ̀nà, ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé kó o má kọ struct yìí lọ́wọ́ rárá. Left, distance, valcrc, \0, SET_VARSIZE: márùn-ún ni ìṣirò tí sáfà mọ̀ ọ́n ṣe ju ẹ lọ. Ohun tí ìwọ mọ̀ tí òun kò mọ̀ ni àwọn ọ̀rọ̀ náà àti bí wọ́n ṣe so mọ́ra. Ìyẹn nìkan ni kó o fún un.

Ìlẹ̀kùn kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò kíyè sí. `parse_tsquery` máa ń gba fọ́ńṣọ̀n kan lọ́wọ́ rẹ, gbogbo ìgbà tó bá rí ọ̀rọ̀ kan nínú gbólóhùn ló máa ń pè é, fọ́ńṣọ̀n náà sì láṣẹ láti ti ohun tó bá wù ú wọlé pẹ̀lú pushValue àti pushOperator. Bó o bá fi P_TSQ_PLAIN sí i, gbogbo gbólóhùn náà lódindi ló máa kà sí ọ̀rọ̀ kan, ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa pè ẹ́. Torí náà gbólóhùn ẹ̀tàn ni wàá fún un, "x" lásán, wàá wá ti igi rẹ wọlé látinú fọ́ńṣọ̀n náà:

```c
typedef struct
{
    char **oro;
    int   *gigun;
    int    n;
} Akojo;

static void
ti_idaji(TSQueryParserState st, Akojo *a, int lati, int de)
{
    int aarin;

    if (de - lati == 1)
    {
        pushValue(st, a->oro[lati], a->gigun[lati], 0, false);
        return;
    }
    aarin = lati + (de - lati) / 2;
    ti_idaji(st, a, lati, aarin); /* Òsì */
    ti_idaji(st, a, aarin, de); /* Ọ̀tún */
    pushOperator(st, OP_AND, 0); /* Àmì ló kẹ́yìn */
}

static void
gba(Datum opaque, TSQueryParserState st, char *token,
    int tokenlen, int16 weight, bool prefix)
{
    Akojo *a = (Akojo *) DatumGetPointer(opaque);

    if (a->n == 0)
        pushStop(st);
    else
        ti_idaji(st, a, 0, a->n);
}

/* inú fọ́ńṣọ̀n gangan */
q = parse_tsquery("x", gba, PointerGetDatum(&a), P_TSQ_PLAIN, NULL);
```

NULL ìparí yẹn jẹ́ ti PostgreSQL 16 sókè. Ní 15 kò sí i, mẹ́rin péré ni ohun tó ń gbà. Gbólóhùn náà kò gbọdọ̀ ṣófo: bó o bá fún un ní "", kò ní pe `gba` rárá, tsquery òfo ló máa dá padà pẹ̀lú NOTICE.

Kíyè sí i pé ètò títì wọlé yìí jẹ́ òdìkejì ètò inú mẹ́mọ̀rì. Òsì, ọ̀tún, àmì lò ń tì wọlé; àmì, ọ̀tún, òsì ló ń bá ibẹ̀ jáde, torí pé orí lísìtì ni ó ń fi nǹkan tuntun sí. Tí kì í bá ṣe `&` tàbí `|` ṣùgbọ́n `<->` lò ń lò, ẹni tó bá pààrọ̀ òsì àti ọ̀tún á ní ìbéèrè tó ń wá "ilé omi" dípò "omi ilé", kò sì sí àṣìṣe kankan tí yóò jáde.

Weight jẹ́ bít: A ni 8, B ni 4, C ni 2, D ni 1, bó o bá fẹ́ A tàbí B, 12. Òdo túmọ̀ sí èyíkéyìí. Prefix ni `:*`. Lórí GiST, ọ̀rọ̀ tó ní prefix kò lè lo CRC, torí náà "bóyá" ni GiST máa dáhùn fún un nígbà gbogbo, recheck ló máa ṣe iṣẹ́ náà. Lórí GIN ó dára.

Mo pín igi yẹn sí ìdajì-ìdajì lójú méjèèjì mọ̀ọ́mọ̀ ni. Bí ọ̀rọ̀ 10,000 bá wà tó o sì tì wọ́n wọlé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀, igi náà á jìn ní 9,999, àwọn fọ́ńṣọ̀n tó ń rìn lórí rẹ̀ sì ń pe ara wọn lórí oríkèé kọ̀ọ̀kan. Ibi tí stack depth limit exceeded tòótọ́ ti máa ń wá nìyẹn, kì í ṣe irú ti àkọ́kọ́ yẹn. Bó o bá pín in sí ìdajì, ìjìnlẹ̀ rẹ̀ kò ní ju 14 lọ. Má gbẹ́kẹ̀ lé QTNBinary láti bá ẹ ṣe é o. Lóòótọ́ ó máa ń sọ oríkèé ọlọ́mọ púpọ̀ di ọlọ́mọ méjì, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ń to gbogbo rẹ̀ sí.

Ní ti ìwọ̀n, ọ̀rọ̀ 10,000 ní àmì 9,999, item 19,999 lápapọ̀, báìtì 239,988 fún item nìkan. Bí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ báìtì 8, tí \0 rẹ̀ sì jẹ́ ẹyọ kan lé e, 90,000 ló kún un, pẹ̀lú 8 ti orí: 329,996. Kò ì tíì sí ewu. Àwọn ààlà tó wà ni pé ọ̀rọ̀ kan kò gbọdọ̀ tó báìtì 2047 (bít 12 ni length ní, ṣùgbọ́n MAXSTRLEN ló ń pàṣẹ), ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ tó báìtì 1,048,575, nítorí bít 20 ni distance ní. pushValue ń yẹ méjèèjì wò. Kóòdù tó o fọwọ́ kọ kò yẹ wọ́n wò: distance tó bá kún àkúnwọ́sílẹ̀ á yí padà sí òdo, ọ̀rọ̀ á di ọ̀rọ̀ mìíràn.

Àléébù kan ní ọ̀nà yìí. Láti PostgreSQL 13, array ni lísìtì inú sáfà, fífi nǹkan sí orí rẹ̀ sì túmọ̀ sí kí gbogbo àwọn yòókù sún. Fún ẹgbẹ̀rún díẹ̀, kò jẹ́ nǹkan. Bó bá ti ń lọ sí ọ̀kẹ́ mélòó kan, wàá rí i lórí aago. Nígbà náà, kọ́ igi QTNode, kó o sì pe QTN2QT, òun fúnra rẹ̀ á ṣírò left, distance àti \0. Valcrc nìkan ló kù sí ẹ lọ́rùn, bí Ìyá ṣe kọ ọ́ lókè. `child[0]` ni ọ̀tún, `child[1]` ni òsì, ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà tàn yín.

---

Baba_Palloc

Mo fara mọ́ atúmọ̀_báìtì. Kí n fi kún un lórí QTNode: bó o bá fi QT2QTN sọ tsquery kan di igi láti lẹ̀ ẹ́ mọ́ òmíràn, `word` inú ewé kọ̀ọ̀kan kò ní ẹ̀dà tirẹ̀, inú tsquery àkọ́kọ́ ló ń tọ́ka sí. Bó o bá pfree tsquery yẹn kó o tó pe QTN2QT, ọ̀rọ̀ tó ti kú lò ń dà kọ. Nígbà míì á ṣì rí bí ó ti yẹ, torí pé kò tíì sí ẹni tó lo ibẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn á di kantankàntan. Kọ́ PostgreSQL rẹ pẹ̀lú `--enable-cassert`: palloc tó ti di òfo á kún fún 0x7F, o kò ní pẹ́ mọ̀.

---

akóòdù_alẹ́

Mo ti lo ti parse_tsquery. GIN, GiST, seqscan, ìdáhùn kan náà. Ẹ ṣeun púpọ̀.

Ìbéèrè kékeré méjì ló kù. Báwo ni mo ṣe lè dán an wò láìfojú wo ohun tó tẹ̀ jáde, níwọ̀n bí Baba ti sọ pé kì í ṣe ẹ̀rí? Àti pé lórí seqscan, ó dà bíi pé orí ìlà kọ̀ọ̀kan ni fọ́ńṣọ̀n mi ti ń ṣiṣẹ́.

---

Ìyá_GIN

Fún ìdánwò, fi í wé ara rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti gba ọ̀rọ̀ kíkọ kọjá:

```sql
SELECT q = q::text::tsquery FROM (SELECT idanwo() AS q) s;
```

`=` ti tsquery máa ń sọ méjèèjì di igi, ó ń lo left, ó sì ń wo valcrc. Left 0 á mú àṣìṣe stack padà wá, CRC tí kò tọ́ á dá f padà. Èyí tí ìwọ fi bẹ̀rẹ̀ ì bá ti ṣubú níbí kó tó dé GiST.

Ní ti ìlà kọ̀ọ̀kan, wo bó o ṣe kéde rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ inú array nìkan ló ń lò, kọ `IMMUTABLE STRICT PARALLEL SAFE`, planner á ṣe é lẹ́ẹ̀kan, á sì sọ ọ́ di constant. Bó bá ń ka default_text_search_config, STABLE ni, kò gbọdọ̀ jẹ́ IMMUTABLE. Ìdí nìyẹn tí to_tsquery tó gba regconfig fi jẹ́ IMMUTABLE, tí èyí tó gba ọ̀rọ̀ nìkan sì jẹ́ STABLE. Gba regconfig gẹ́gẹ́ bí ohun àkọ́kọ́, wàá sinmi.

---

atúmọ̀_báìtì

Ẹ jọ̀ọ́ Ìyá, ìdánwò yẹn á parọ́ mọ́ igi onídàjì. `('a' | 'b') | ('c' | 'd')` kò ní tẹ àmì ìpamọ́ jáde, nítorí `|` kan náà ni, nígbà tó bá sì padà wọlé á ti di ìlẹ̀kẹ̀. Ìrísí wọn yàtọ̀, `=` á sọ f, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣe é. Ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta ni kẹ́ ẹ fi dán an wò lọ́nà yẹn. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta gan-an, ẹ jẹ́ kí méjì wà ní òsì.

Fún èyí tó pọ̀, COPY pẹ̀lú FORMAT binary ló dára, kó o kó o jáde, kó o kó o wọlé, kó o fi `=` wé e. Bí tsquery ṣe ń rìn lórí wáyà nìyí, ti `ile & omi`, báìtì 20:

```
00000003  0202  010000 6f6d6900  010000 696c6500
```

Item mẹ́ta, àmì `&`, omi, ile. Kò sí left níbẹ̀, kò sí CRC, kò sí distance. Ìrísí igi nìkan ló wà níbẹ̀, tsqueryrecv ló ń ṣírò gbogbo ìyókù. Ẹni tó bá sì wà ní ìta sáfà, tí driver rẹ̀ lè fi báìtì ránṣẹ́, kò nílò C rárá, kó kọ èyí, kó fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí parameter tsquery.

---

Baba_Palloc

Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kó o tó kó o wọ tábìlì: storage plain ni tsquery ní, kò ní TOAST, tó ń gbé dátà ńlá sí ìta ìlà. Ìbéèrè ọ̀rọ̀ 10,000 yẹn á ṣiṣẹ́ dáadáa nínú mẹ́mọ̀rì, tó bá fẹ́ di ìlà nínú tábìlì ni wàá rí `row is too big`, ààlà ibẹ̀ sì jẹ́ 8160. Ọ̀rọ̀ bíi 200 ni kó o fi ṣe ìdánwò COPY.

---

akóòdù_alẹ́

Mo fi 200 ṣe é, t ló dá padà.